Ṣé mo lè fi iṣẹ́ alẹ́ sílẹ̀ kí n máa tajà láti inú ilé?

Ọmọ Ìpẹru, Birmingham:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa lọ́mọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Iṣẹ́ kéà (ìtọ́jú aláìlera) tí mò ń ṣe lálẹ́ yìí ti sú mi. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ọmọ mi ò sì rí mi bó ṣe yẹ. Mo gbọ́ pé Àǹtí wa tó wà ní Manchester ń rí oúnjẹ òòjọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìjáde nílé. Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ẹnì kan ní kí n san 450 pọ́ùn fún ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ní tí mo bá ti parí rẹ̀ mo lè kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, Manchester:
Má tíì san kọ́bọ̀, àbúrò mi. Ilé màmá mi ní Mọ̀bàlùfọ̀n ni mo wà báyìí, ó ti tó ọ̀sẹ̀ méje. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ kó tó tún lọ.

Alárinà ni mí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní ìkànnì kan tí mo ti ń sọ̀rọ̀ nípa ohun èlò ìdáná fún àwa tí à ń se oúnjẹ ilé lókè òkun: bílẹ́ńdà tó lè lọ ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín, ìkòkò tí ọmọorógùn ò ní gún wó, ọ̀bẹ tó lè gé ṣàkì. Ẹni tó bá tẹ líǹkì mi lọ sí ilé ìtajà, tó sì ra nǹkan níbẹ̀, wọ́n á fún mi ní owó alárinà. N kò kó ọjà sílé, n kò di páálì. Àmọ́ ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ alárinà ṣe rí: bí ìyàwó bá kẹ́rù padà sílé bàbá rẹ̀, wọ́n á gba owó ọwọ́ mi padà. Ẹni tó bá dá ìkòkò padà, owó tèmi náà bá a lọ.

Oṣù mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, gbogbo ohun tó wọlé kò ra àpò gààrí kan. Mò ń kọ nípa fóònù, nípa bàtà, nípa àga ọmọdé, nípa gbogbo ohun tí mo bá ṣáà ti rí. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ ni mo ń tún kọ. Ta ni yóò fi ti ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ wá ka tèmi?

Bílẹ́ńdà tó jóná ló là mí lójú. Ọjọ́ Sátidé kan, àlejò ń bọ̀, mo da ẹ̀wà tí kò tíì rẹ dáadáa sínú bílẹ́ńdà olówó pọ́ọ́kú. Èéfín! Áláàmù ilé ń han gooro, ará òkè ń gbá ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo máa rà míì, mo ra mẹ́ta láti ilé ìtajà mẹ́ta, mo mọ̀ pé mo lè dá méjì padà. Agolo ẹ̀wà mẹ́rin ni mo lọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ka ìṣẹ́jú. Mo fọwọ́ kan ìdí mọ́tò rẹ̀ bóyá ó ti gbóná. Mo fi ìka ra ẹ̀wà náà bóyá ó ṣì ní hóró, mo sì ya gbogbo rẹ̀ ní fọ́tò pẹ̀lú ọwọ́ ara mi tí ẹ̀wà lílọ kùn. Ohun kan ṣoṣo tí mo kọ yẹn pa owó ju ogójì tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: "Ẹ̀gúsí ńkọ́? Ṣé ó lè lọ ata gbígbẹ? Ògì ńkọ́?" Ìbéèrè wọn ni mo ń kọ lé lórí títí dòní.

Ti Amazon, ilé ìtajà ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń san owó alárinà, ẹ fi èyí sọ́kàn: wákàtí 24 péré ni líǹkì yín fi ń ṣiṣẹ́ lára ẹni tó tẹ̀ ẹ́, àfi tó bá ti ju ọjà náà sínú kẹ̀kẹ́ ìrajà kí wákàtí yẹn tó pé. Bí ẹ kò bá rí ẹni mẹ́ta rà láàárín ọjọ́ 180 tí ẹ forúkọ sílẹ̀, wọ́n á ti àkáǹtì náà. Ẹ má sì gba inú líǹkì ara yín rajà, wọn kì í sanwó ìyẹn.

Bọ̀dá Ṣàgámù, Houston:
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ 450 pọ́ùn yẹn ńkọ́? Èmi san 900 dọ́là nígbà kan, mo tijú débi pé ìyàwó mi ò tíì mọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, Manchester:
Ó ti mọ̀ báyìí o, ó wà nínú ẹgbẹ́ yìí!

Ẹ bi olùkọ́ náà ní ohun kan: kí ló ń tà yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ yìí? Bí kò bá ní nǹkan míì tó ń tà, a jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an lọjà rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀, ọ̀fẹ́ ni mo ti kà á, ìyókù wá látinú bílẹ́ńdà tó jóná.

Ọmọ Ìpẹru, má fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni mo fi pa méjèèjì pọ̀. Alẹ́ márùn-ún ni mò ń ṣe, mo dín in kù sí mẹ́rin, ó di mẹ́ta. Ìgbà tí owó orí ìkànnì san rẹ́ǹtì fún oṣù mẹ́fà léraléra ni mo tó kọ̀wé.

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́nnẹ́, London:
Ẹ má gbàgbé ìjọba. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, ẹkún tí mò ń gbọ́ ní oṣù January pọ̀. Ní UK, bí gbogbo owó tó wọlé látinú òwò ara yín kò bá ju 1,000 pọ́ùn lọ láàárín 6 April sí 5 April ọdún tó tẹ̀ lé e, wàhálà kò sí. Owó tó wọlé ni mo wí o, kì í ṣe èrè. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC, iléeṣẹ́ owó orí UK, kó tó di 5 October tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì fi ìwé owó orí ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí 31 January tó kọjá. Ẹ tọ́jú rìsíìtì. Àbúrò tó ní "mo máa rántí" kò rántí rí.

Bọ̀dá Ṣàgámù, Houston:
Ní Amẹ́ríkà, èrè 400 dọ́là lọ́dún ti tó kí wọ́n béèrè owó orí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, ìdá 15.3 nínú ọgọ́rùn-ún, yàtọ̀ sí owó orí tó kù. Èmi máa ń ya ìdámẹ́ta gbogbo ohun tó bá wọlé sọ́tọ̀, n kì í fọwọ́ kàn án.

Ọmọ Ìlíṣàn, Coventry:
Ẹ jọ̀ọ́, fíìsà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ní. Ṣé mo lè máa ṣe é, nígbà tó jẹ́ pé inú yàrá mi ni?

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́nnẹ́, London:
Rárá o. Fíìsà akẹ́kọ̀ọ́ kò gbà kó o ṣiṣẹ́ ara rẹ, ì báà jẹ́ inú yàrá, ì báà jẹ́ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ tí wọ́n fún ọ, iṣẹ́ tí ẹlòmíràn gbà ọ́ sí ni. Kọ́ṣẹ́ báyìí, kí o tajà nígbà tí fíìsà rẹ bá yí padà.

Ọmọ Ìpẹru, Birmingham:
Ẹ ṣé o. Àǹtí, ojú ìwé Facebook nìkan ńkọ́? Ṣé kò tó?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, Manchester:
Àtíbàbà lórí ilẹ̀ onílẹ̀ nìyẹn. Mo ti ní ojú ìwé kan rí, mi ò ní dárúkọ ibi tó wà. Ó gbà mí ní ọdún kan àti oṣù díẹ̀ kí èèyàn tó pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kí Iléyá tó dé, ìgbà tí gbogbo èèyàn ń wá ìkòkò ńlá àti ẹ̀rọ ìlọran, mo jí lówùúrọ̀, wọ́n ti tì í pa. Ta ni n óò bẹ̀? Kò sí fóònù, kò sí ọ́fíìsì. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí i, ẹran Iléyá ti tán nínú fírísà. Nílé, wọ́n ti gẹṣin Ojúde Ọba tán ní ọjọ́ kẹta, èmi ṣì ń kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀.

Látìgbà yẹn, orúkọ oníbàárà mi wà lọ́wọ́ mi. Èèyàn 61 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ímeèlì wọn sílẹ̀ fúnra wọn, mo ń kọ lẹ́tà sí wọn ní gbogbo Fúráìdeè, nítorí Sátidé ni wọ́n ń rajà. Ẹ má ra orúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òfin UK ní kí ẹni náà gbà kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà ọjà sí i, kí ọ̀nà tó lè gbà yọ ara rẹ̀ kúrò sì wà nínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. WhatsApp dára, èmi náà ń lò ó, àmọ́ èèyàn 256 ni Broadcast kan (ọ̀nà tí wọ́n fi ń fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan) ń gbà, ẹni tí kò bá sì tọ́jú nọ́ńbà yín sínú fóònù rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí nílé. Àǹtí mi a wọlé ní aago mẹ́wàá àárọ̀: "Ṣebí o kàn jókòó ni, bá mi ra ewùrà wá lỌ́kè-Àjẹ, mo fẹ́ ro ìkókóré." Bí mo bá ní mò ń ṣiṣẹ́, wọ́n á wo kọ̀ǹpútà, wọ́n á wo mí, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ méjì, n kò parí ìlà mẹ́wàá. Ìgbà tó yá, mo dá ọgbọ́n kan. Aago mẹ́jọ, mo wẹ̀, mo wọ búbà àti bàtà, mo gbé báàgì, mo kí gbogbo ilé: "Mo ń lọ síbi iṣẹ́ o!" Mo gba ẹ̀yìnkùlé yí padà wọ yàrá àwọn ọmọkùnrin, mo tilẹ̀kùn. Ẹ ò gbàgbọ́, ó ṣiṣẹ́. Màmá mi fúnra wọn ló ń dá wọn lóhùn pé, "Ó ti lọ síbi iṣẹ́, aago kan ló ń dé."

Èyí tó dùn mí díẹ̀ ni ti aládùúgbò tó rí iná yàrá mi ní aago méjì òru, tó wá ń bi màmá mi bóyá Yahoo ni mò ń ṣe. N kò bínú. Mo pè wọ́n wọlé, mo fi ìkànnì mi hàn wọ́n, fọ́tò ọwọ́ mi nínú ẹ̀wà. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní kí n bá wọn mú bílẹ́ńdà kan bọ̀ nígbà míì.

Ẹni tó bá ń bọ̀ nílé, kó kọ lẹ́tà ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sílẹ̀ kó tó wọ bàálù, kó sì dá ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò lọ. Ohun tó gbà mí nìyẹn nígbà tí iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kó ní síìmù méjì. Kó sì gbé kóòdù ìwọlé rẹ̀ kúrò lórí nọ́ńbà UK sínú áàpù, torí kóòdù báǹkì tó yẹ kó dé sórí fóònù mi, mo ṣì ń retí rẹ̀.

Ọmọ Ìpẹru, Birmingham:
Mo ti rẹ́rìn-ín títí. Ó dáa mà, alẹ́ kan ni n óò kọ́kọ́ dín kù. Àmọ́ n kò mọ nǹkan kan tí mo lè kọ nípa rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, Manchester:
Kí làwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ máa ń bi ọ́ léèrè?

Ọmọ Ìpẹru, Birmingham:
Bàtà mi. Wákàtí 12 la fi ń dúró, gbogbo wọn ń béèrè ibi tí mo ti rà á.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, Manchester:
Ó tán! Wọ oríṣi mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kan kan, kí o sì ya àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ní fọ́tò kí o tó wọ̀ wọ́n àti lẹ́yìn rẹ̀. Èwo lò ń wọ̀ báyìí? Mo fẹ́ ra ọ̀kan fún àǹtí mi tó ń rán mi lọ́jà, orúnkún ń dùn wọ́n.

Ọmọ Ìpẹru, Birmingham:
Fọ́tò ń bọ̀ mà, bí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ bá mi wọn ẹsẹ̀ wọn.