Ṣé kébù ẹ̀rọ ìṣirò TI (Texas Instruments) àtijọ́ lè ṣe iṣẹ́ sérìálì fún ráúta?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Kébù TI-Graph Link dúdú kan wà lọ́wọ́ mi, irú èyí tí wọ́n fi ń so TI-83 mọ́ kọ̀ǹpútà: DB9 (ẹnu sérìálì onípíìnì mẹ́sàn-án) lápá kan, ẹnu 2.5 mm lápá kejì. Mo fẹ́ fi ka ohun tí ráúta ń kọ jáde lórí sérìálì (ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà jáde ní bíìtì kọ̀ọ̀kan, òdo tàbí ení) nígbà tó bá ń tàn. Mo ti so wáyà mẹ́ta mọ́ TX (ibi tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́), RX (ibi tó ń gbà á) àti GND (ilẹ̀) rẹ̀, mo ṣí PuTTY, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ọ̀rọ̀ sérìálì hàn, ní ìyára 115200, síbẹ̀ ojú dúdú lásán ni mo ń wò. Wáyà wo ni mo gbé sódì?

Èsì 1: O ò gbé ìkankan sódì, àbúrò. Kébù yẹn kì í lo TX àti RX rárá. Píìnì 4 (DTR) àti 7 (RTS) ló fi ń sọ̀rọ̀, ó sì ń fi 6 (DSR) àti 8 (CTS) gbọ́. Píìnì 2 àti 3 tí PuTTY ń lò, nǹkan kan ò gba ibẹ̀ kọjá.

Èdè TI náà tún yàtọ̀. Wáyà méjèèjì inú rẹ̀, pupa àti funfun, máa ń wà lókè (iná máa ń wà lára wọn) tí kò bá sí ọ̀rọ̀. Bí ẹni tó ń ránṣẹ́ bá fẹ́ sọ òdo, á fa pupa wálẹ̀. Ẹni tó ń gbà á á fa funfun wálẹ̀ láti fi dá a lóhùn. Ti àkọ́kọ́ á tú tirẹ̀ sílẹ̀, ti ìkejì náà á tú tirẹ̀. Tó bá jẹ́ ení, láti ara funfun ni wọn á ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń dúró de ara wọn ni. Sérìálì ráúta ò dúró de ẹnikẹ́ni: ní 115200, bíìtì kan ò ju máíkírósẹ́kọ́ńdù 8.68 lọ.

Èsì 2: Kí ẹ má lọ ra Graph Link aláwọ̀ eérú o. Òun ń lo píìnì 2 àti 3 lóòótọ́, ní 9600, ṣùgbọ́n ṣíìpù kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń túmọ̀ sí èdè TI, kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ráúta kọjá. SilverLink, kébù TI míì tó jẹ́ USB, kọ̀ǹpútà ò tilẹ̀ ní kà á sí COM (ojú sérìálì kọ̀ǹpútà).

Èsì 3: Má gé dúdú yẹn, àwọn tó ń lo TI-83 pẹ̀lú TiLP (ètò tó ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà) ṣì ń wá a. Kúkúrú tí ẹ̀rọ ìṣirò méjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni kó o gé, èyí tó ní ẹnu 2.5 mm lọ́tùn-ún lósì. Wáyà lásán ló wà nínú ẹ̀.

Gé e láàárín. Wà á rí pupa, funfun àti èyí tí kò láwọ̀. Pupa sábà máa ń jẹ́ ṣóńṣó ẹnu, funfun òrùka àárín, aláìláwọ̀ ìdí rẹ̀ tó jẹ́ GND, àmọ́ fi mítà wò ó kó o tó gbà á gbọ́. Wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín, wọ́n sì máa ń kùn ún nígbà míì. Lẹ́ẹ̀dì tí a ń yọ́ fi jó wáyà pọ̀ á kàn máa yí bọ́ lára rẹ̀. Fi fílọ́ọ̀sì (èyí tó ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì mú) sí i, kó o jẹ́ kí irin ìjówáyà gbóná dáadáa títí ọ̀dà yẹn fi máa jó dànù.

So ó mọ́ módù USB-TTL, èyí tó ń so sérìálì mọ́ USB kọ̀ǹpútà (ṣíìpù CP2102 tàbí CH340), ní 3.3 V: pupa sí RX, funfun sí TX, aláìláwọ̀ sí GND. Fi rẹsísítọ̀ 470 ohm sáàárín TX àti funfun. Lu ihò sára ráúta, fi ojúhò 2.5 mm síbẹ̀: TX ráúta sí ṣóńṣó, RX rẹ̀ sí òrùka.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an, ọ̀gá. Kí ni 470 yẹn wà fún?

Èsì 3: Bí ẹnu yẹn bá ń wọlé, òrùka rẹ̀ máa kọ́kọ́ fara kan GND kó tó dé àyè rẹ̀. TX módù ti kan ilẹ̀ nìyẹn. Pẹ̀lú 470, iná tó máa kọjá ò ju 7 mA lọ. Ìdí kan náà ni mi ò ṣe ní kó o gbé 3.3 V gba inú ẹnu yẹn. Kì í sì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ráúta ní iná tirẹ̀.

Kó o tó kan ráúta, fi wáyà kékeré so ṣóńṣó àti òrùka pọ̀, kó o wá tẹ lẹ́tà ní PuTTY. Tó bá padà fara hàn, kébù rẹ ti yè.

Èsì 2: Ẹni tó bá fẹ́ DB9 gidi, MAX3232 (ṣíìpù tó ń yí fóòtì ráúta sí ti RS-232, irú sérìálì tí DB9 ń lò) ni kó fi sáàárín, pẹ̀lú kàpásítọ̀ 0.1 µF márùn-ún: TX ráúta sí ẹsẹ̀ 11, 14 sí píìnì 2 DB9, píìnì 3 sí ẹsẹ̀ 13, 12 sí RX ráúta. Iná ṣíìpù náà á nílò wáyà kẹrin. DB9 tààrà sára ráúta, á jó o: fóòtì RS-232 máa ń wọ ìsàlẹ̀ òdo, ó sì lè ju 10 lọ.

Olùbéèrè: Ó ti ń kọ̀wé! Ṣùgbọ́n wúruwùru ni, kò sì gba ohun tí mò ń tẹ̀.

Èsì 1: Wúruwùru, ìyára ni. Dán 57600 wò, lẹ́yìn náà 38400. Ọ̀pọ̀ ráúta tó ní ṣíìpù Ralink àti Realtek ń lo ìwọ̀nyẹn. Ti títẹ̀, wo Flow control (ohun tó ń dá ọ̀rọ̀ dúró tàbí tú u sílẹ̀) nínú PuTTY: XON/XOFF ló máa ń wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀, yí i sí None. Tí kò bá ṣì gbà, fi mítà wọn funfun sí GND nígbà tí o ò tẹ nǹkan kan. 3.3 V ló yẹ kó o rí. Tó bá jẹ́ òdo, ó lè jẹ́ pé ibi rẹsísítọ̀ yẹn ni lẹ́ẹ̀dì ò ti mú.

Olùbéèrè: 57600 ni. XON/XOFF yẹn náà ló fà á, ó ti ń gbà báyìí.