Ẹ gbà mí o, bát kíríkẹ́ẹ̀tì wo ni kí n rà kó tó di Sátidé?

ÒjòKent: Ẹ̀yin ará ilé, kíá kíá ẹ jọ̀ọ́. Ẹgbẹ́ abúlé tí mo ń gbé ti kọ orúkọ mi fún Sátidé, èèyàn wọn ò pé. Mi ò ní bát. Owó ọwọ́ mi ò ju £60 lọ.

Bọ̀dáMedway: Abúlé wo? Ṣé bọ́ọ̀lù aláwọ pupa ni? Ṣé gbígbá ni wọ́n ní kó o wá gbá àbí jíjù? O ò sọ nǹkan kan. £60, Kashmir willow, igi bát tó dínwó, lo máa rí, English willow tó dáa jù ú lọ ṣòroó rí níye yẹn àfi àlòkù.

MàmáTáyọ̀: Ẹ má jẹ́ kó ra Kashmir lórí íńtánẹ́ẹ̀tì o!! Èyí tí ọkọ mi rà lésìí, nínú fọ́tò ó ń dán yinrin, ìgbà tó dé apá ń ro ó kó tó gbé e sókè, ìgbà àkọ́kọ́ tí bọ́ọ̀lù bá a nísàlẹ̀, ó là, ẹ̀ẹ́rún igi ń já bọ́ sórí pápá lójú gbogbo ayé. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n ní a ò lù ú kó tó lò ó. Kọ́bọ̀ ò padà.

WáléYorker: Ẹ má bínú mà, Kashmir kọ́ ló jẹ̀bi. Bát tuntun, ì báà jẹ́ English, ẹ máa fi òróró linseed pa á lójú, díẹ̀ ni o, ẹ wá fi òòlù onígi lù ú bíi wákàtí mẹ́fà, jẹ́jẹ́ lẹ máa kọ́kọ́ lù ú. Bọ́ọ̀lù yẹn wọn gíráàmù 156 sí 163, ó sì le.

MàmáTáyọ̀: Wákàtí mẹ́fà! Ṣé iyán ni? Kí àwọn ará ilé kejì pe ọlọ́pàá?

ṢínàPeckham: Nínú àwọn tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì, ta tiẹ̀ ni ààyò Òjò ná? Tèmi ni Brian Lara, ọmọ West Indies. Runs (àmì ayò) 501 ló gbá fún ẹgbẹ́ Warwickshire lọ́dún 1994, wọn ò sì rí i lé jáde. Ẹni tó bá fẹ́ràn Lara ò gbọdọ̀ gbé bát £60.

WáléYorker: Lara ti pẹ́ jù. Jofra Archer ló ju super over, bọ́ọ̀lù mẹ́fà àfikún tí eré bá di ọ̀mì, tí England fi gba ife àgbáyé ní Lord's lọ́dún 2019. Àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà wa under-19 náà na New Zealand ní Malaysia ní January 2025, runs 2 péré. Ṣé bát olówó gọbọi ló ṣe ìyẹn?

ṢínàPeckham: Ta ló bi ẹ́ ní ti ajubọ́ọ̀lù? Bát là ń sọ.

ÌyáẸlẹ́jà: Èmi ò mọ kíríkẹ́ẹ̀tì o, àmọ́ tíì àárín eré ńkọ́? Gbé puff-puff dání. Puff-puff ni ọkọ mi fi ń rí àyè nínú team wọn, kì í ṣe runs. Sándíwíìsì kùkúḿbà yẹn ò lè kan ikùn ẹnikẹ́ni.

Bọ̀dáMedway: Ọ̀gbẹ́ni, má ra bát rárá. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ abúlé ló ní báàgì ńlá kan, bát àti páàdì wà níbẹ̀. Ẹni ìkọkànlá ni wọ́n máa fi ẹ́ ṣe, ó lè má kàn ẹ́ rárá. Fowó ẹ ra box, ike tí wọ́n fi ń dáàbò bo ojú ara ọkùnrin, torí èyí tó wà nínú báàgì yẹn, gbogbo wọn ló ti wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà bàtà oní-spike.

ÒjòKent: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti rà á láàárọ̀ yìí, Kashmir £45, sitíkà pupa, ó wù mí. Ẹni tó tà á ní àwọn ti bá mi lù ú.

MàmáTáyọ̀: Hmm. Tọ́jú rìsíìtì.

Bọ̀dáMedway: Box ńkọ́?

ÒjòKent: Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, sà.

MàmáTáyọ̀: Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kẹ̀? £15 ṣì kù lọ́wọ́ ẹ, sáré lọ ra box. Ìyàwó ẹ ṣì fẹ́ bímọ.