Ìpàtẹ, àfihàn tàbí àgbàṣọ́? Orúkọ wo ni ó yẹ iṣẹ́ ọnà Ukraine tí ogun lé kúrò nílé?

Ẹ̀yin àgbà wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín.

Àbúrò wa obìnrin tí ó ń ka ìròyìn lórí rédíò ni ó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó fẹ́ sọ bí àwọn ará Ukraine ṣe ń gbé iṣẹ́ ọnà wọn síta, nílé àti lókè òkun, láti ìgbà tí Rọ́ṣíà ti ya wọ ilẹ̀ wọn ní ọjọ́ 24 oṣù Èrèlé ọdún 2022, ó sì ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí òun lè lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá wa tí wọ́n kọ́kọ́ dá a lóhùn ní kí ó máa pè é ní "ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà". Ẹ̀gbọ́n wa kan kọ̀ ọ́, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọjà ni ìpàtẹ, pé "àfihàn" ni kí ó lò. Mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò rò pé ọ̀rọ̀ kan lè gbé ẹrù yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè lẹ́yìn Bàbá wa, nítorí a ti fẹ́ máa da ọ̀rọ̀ wọn nù kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àtẹ ni a ń pa tí ó fi di ìpàtẹ: ẹni tí ó ń ta tòmátì yóò tò ó ní mẹ́rin-mẹ́rin, yóò yí ibi tí ó pọ́n jù sí ojú ẹni tí ń kọjá. Ní oṣù Ògún ọdún 2022, nígbà tí àyájọ́ òmìnira Ukraine kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n wọ́ àwọn ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà tí ó ti jóná wá sí òpópónà Khreshchatyk ní Kyiv, wọ́n tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn ní àárín títì, àwọn ọmọdé sì ń gùn wọ́n bí ẹni gun igi. Ìpàtẹ ni èyí, n kò ní wá orúkọ mìíràn fún un. Bákan náà ni iṣẹ́ Zhanna Kadyrova, ayàwòrán àti agbẹ́kùúta tí ó sá kúrò ní Kyiv lọ sí apá òkè ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Ó ṣa òkúta tí omi odò ti fọ̀ di roboto, ó gé àwọn kan ní awẹ́-awẹ́ bí ẹni gé búrẹ́dì, ó sì pe orúkọ wọn ní "palianytsia", ìyẹn búrẹ́dì roboto tí wọ́n ń jẹ lọ́dọ̀ wọn. Ní ìlú Venice ní Italy lọ́dún náà, orí tábìlì ni òkúta wọ̀nyí wà, wọ́n sì ń tà wọ́n kí wọ́n lè fi owó rẹ̀ ran àwọn tí ó wà nílé lọ́wọ́. Orí àtẹ ni, títà sì ni. Kí ni a tún ń jiyàn lé lórí?

Ọ̀rọ̀ palianytsia yẹn náà tọ́ sí wa ní ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀, àwa tí èdè jẹ́ iṣẹ́ wa. Wọ́n ní ahọ́n ará Rọ́ṣíà kì í gbé e dáadáa, nítorí náà ni àwọn ará Ukraine ṣe fi ń dán àjèjì wò nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ka Ìwé Onídájọ́ orí 12 mọ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó bá pe "Ṣiboleti" yóò kọjá odò Jọ́dánì, ẹni tí ó bá pe "Siboleti" kò ní kọjá. (Kí àwọn ìbátan mi ní Ìbàdàn má bínú, mo mọ ẹ̀yin tí ẹ kò bá rí odò Jọ́dánì kọjá.)

"Àfihàn" ní ibi tirẹ̀. Ní ọdún 2022 kan náà, iṣẹ́ Pavlo Makov ni Ukraine gbé lọ sí àfihàn ńlá ti Venice: àrọ 78 tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, ọ̀kan lókè, méjì lábẹ́ rẹ̀, ó ń fẹ̀ lọ títí dé 12 nísàlẹ̀. Omi tí ó wọ inú àrọ òkè ń pín sí méjì, ó tún ń pín sí méjì, títí tí ó fi jẹ́ pé ìkán-ìkán ni yóò kù fún àwọn ti ìsàlẹ̀. Maria Lanko, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣètò rẹ̀, ló kó àwọn àrọ náà sínú ọkọ̀ ara rẹ̀, tí ó sì wà wọ́n jáde ní Kyiv ní ọjọ́ tí ogun bẹ̀rẹ̀ gan-an. Àbúrò wa kọ "fọ́nẹ́ẹ̀lì" sínú ìwé rẹ̀. Àrọ ni o, ìyá mi ní ọ̀kan tí ó fi ń rọ epo sínú ìgò, kò sì sí ìdí tí a ó fi yá ohun tí ó wà nílé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti já wa kulẹ̀ ni ibi tí ó ṣe pàtàkì jù. Ní ọjọ́ 10 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2022, mísáìlì kan já sí ìtòsí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Khanenko ní Kyiv, fèrèsé rẹ̀ sì fọ́ yángá-yángá. Ní oṣù Èbìbí ọdún 2023, wọ́n rọra kó iṣẹ́ 16 láti ibẹ̀ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Paris. Nínú 16 yìí, márùn-ún ni èrò rí láti oṣù Òkúdù: àwòrán mímọ́ mẹ́rin tí wọ́n fi ọ̀dà tí a pò mọ́ ìda oyin yà sórí pákó ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹfà tàbí ìkeje, tí ó ti wà ní ilé àwọn mọ́ńkì ní Òkè Sinai rí, àti ọ̀kan tí a fi òkúta wẹ́wẹ́ tò ní Constantinople. Mọ́kànlá yòókù wà nínú yàrá ìpamọ́. Bí a bá pe gbogbo rẹ̀ ní àfihàn, mọ́kànlá ti di irọ́ lẹ́nu wa.

Ẹnìkan dábàá "àyálò". N kò lè gbà á. Àwa fúnra wa ti sọ ọ́ di orúkọ fún ọ̀rọ̀ tí a mú láti inú èdè mìíràn, ọ̀rọ̀ àyálò kì í sì í padà sílé.

Àbá tèmi rèé. A ní alágbàfọ̀ tí ń gba aṣọ fọ̀, alágbàtọ́ tí ń gba ọmọ tọ́, alágbàwí tí ń gba ẹjọ́ wí. Láti ilé kan náà ni mo ti fẹ́ mú "àgbàfihàn" àti "àgbàṣọ́". Márùn-ún tí Louvre fi han èrò jẹ́ àgbàfihàn, mọ́kànlá jẹ́ àgbàṣọ́. Àwọn orí Ifẹ̀ tí Nàìjíríà gbé fún British Museum ní ọdún 2010, tí wọ́n sì dá padà, àgbàfihàn lásán ni ìyẹn, nítorí kò sí ogun tí ó lé wọn.

Ẹ̀gbọ́n wa ti sọ fún mi pé olè náà ń "gbà", pé a ń gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn tipátipá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ìdílé àgbàfọ̀ àti àgbàtọ́, ẹni tí ó ni nǹkan ni ó fi fúnni. Ẹni tí ó bá já aṣọ aláṣọ lórí okùn kò di alágbàfọ̀, bí ó tilẹ̀ fọ̀ ọ́ kí ó mọ́ tónítóní. Ní ìparí oṣù Ọ̀wàrà sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Belu ọdún 2022, kí àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà tó fi ìlú Kherson sílẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ kúrò ní ilé ọnà ìlú náà lọ sí Simferopol ní Crimea, apá Ukraine tí Rọ́ṣíà ti gbà ní ọdún 2014, wọ́n sì ní àwọn ń dáàbò bò wọ́n ni. "Kó" àti "ìpamọ́" tí a ti ń lò kò lè ya èyí sọ́tọ̀ sí ti Louvre. Àgbàṣọ́ yóò yà á, nítorí ó ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá pè é pé, ta ni ó fún ọ? Ti Kherson, ìkógun ni.

Ọ̀rọ̀ wúrà Crimea ni mo fi tún un dán wò, ó sì dùn mọ́ mi. Ní ọdún 2014, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mẹ́rin ní Crimea gbé ohun àtijọ́, tí wúrà wà lára wọn, fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Allard Pierson ní Amsterdam, àgbàfihàn pátápátá. Àfihàn ń lọ lọ́wọ́ ni Rọ́ṣíà gba Crimea. Ta ni kí Amsterdam dá a padà fún? Láti ìgbà náà ni ó ti di àgbàṣọ́, títí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Netherlands fi dájọ́ ní oṣù Òkúdù ọdún 2023 pé Ukraine ni kí wọ́n dá a padà fún, tí ohun 565 sì dé Kyiv ní oṣù Belu. Ohun kan náà, nínú àpótí kan náà, yí orúkọ padà láìkúrò níbi tí ó wà.

Èyí tí n kò tíì rí ojútùú sí ni ti Madrid. Ní ọjọ́ 15 oṣù Belu ọdún 2022, ọkọ̀ tí ó kó nǹkan bí 50 àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún jáde ní Kyiv ní òwúrọ̀, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí mísáìlì fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí orílẹ̀-èdè náà. Ọjọ́ kan náà ni mísáìlì kan já sí Przewodów ní Poland, kò jìnnà sí ẹnu ibodè tí ọkọ̀ náà ń lọ, ó sì pa ènìyàn méjì. Ní ọjọ́ 29 oṣù yẹn, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Thyssen-Bornemisza ní Madrid ṣí àfihàn náà, lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Cologne, Brussels, Vienna àti London. Wọ́n ń fi í hàn, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Àgbàfihàn ni mo máa pè é, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ní àgbàṣọ́, n kò ní bá a jà.

Ìṣòro kan kù, ti rédíò sì ni. Ẹni tí kò ní "ṣ" lẹ́nu yóò pe àgbàṣọ́ ní "àgbàsọ́", tí ó súnmọ́ "àgbàsọ", ọ̀rọ̀ tí a gbà lẹ́nu ẹlòmíràn sọ. Ohùn òkè tí ó wà ní ìparí nìkan ni yóò ya méjèèjì. Kí àbúrò wa jọ̀wọ́ kà á sókè fún ẹnìkan tí kò tíì gbọ́ ọ rí, kí ó sì sọ ohun tí ẹni náà gbọ́ fún wa.