Orúkọ ta ló wà lára ògiri? Ìrírí wa nínú àwọn ilé ìwòsàn ọpọlọ tí wọ́n ti pa tì

Ọmọ Ẹ̀gbá (Ítálì)

Ẹ kú ilé o. Arúgbó ni mo ń tọ́jú níbí, ní agbègbè Tuscany. Màmá tó wà lọ́dọ̀ mi ló sọ fún mi pé nígbà tí òun wà ní kékeré, Volterra ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọ tó bá ya ìpáǹle. Lọ́jọ́ ìsinmi mi kan, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀.

Orí òkè ni ìlú náà wà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ibẹ̀ fẹ̀ bí odindi ìletò; nígbà tó kún jù, àwọn aláìsàn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní 4,000. Ní 1978 ni Ítálì ṣe Òfin 180, èyí tí dókítà Franco Basaglia jà fún, pé kí wọ́n yéé ti alárùn ọpọlọ mọ́lé. Díẹ̀díẹ̀ ni ibẹ̀ ṣófo.

Ilé kan tí wọ́n ń pè ní Ferri ni mo bá lọ. Oreste Fernando Nannetti, ọmọ Róòmù tí wọ́n bí ní 1927, gbé ibẹ̀. NOF4 ló ń pe ara rẹ̀. Irin ṣóńṣó tó wà lẹ́nu ìdè ẹ̀wù tí ilé ìwòsàn fún un ló fi ń họ ògiri àgbàlá, fún ọdún gbọọrọ, títí ohun tó kọ fi gùn tó nǹkan bí 180 mítà. Ìràwọ̀, irin, ogun, ẹbí tí kò ní: gbogbo rẹ̀ ló kọ. Ó ní ọ̀gágun ojú ọ̀run ni òun.

Èyí tó kọ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi ni ti àwọn aláìsàn tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri náà, tí wọn kì í mira. Wọ́n ní kò lé wọn dìde. Ó kọ̀wé yí orí wọn po ni, àyè orí wọn sì ṣófo lára ògiri. Nọ́ọ̀sì kan, Aldo Trafeli, ló fara balẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé náà. Nannetti kú ní 1994.

Ẹ̀yìn wáyà ni mo dúró sí. Òjò àti òtútù ti já púpọ̀ lára ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri náà lulẹ̀. Ìyẹn ò dùn mí tó ti àwọn tó wá fi ìṣó àti ọ̀dà kọ orúkọ ara wọn sílé yẹn. Ẹnìkan kọ tiẹ̀ àti ti olólùfẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n wá, gàdàgbà gadagba. Tiwọn hàn ketekete! Ta ló tún ti dé irú ibẹ̀ rí?

Ọlọ́dà (London)

Ẹ̀gbọ́n, èmi ni kí ẹ bá wí, torí mo wà lára wọn. Kì í ṣe ní Volterra o. Essex la wà, àwa ọmọ yunifásítì tó ń fi ọ̀dà agolo yàwòrán. Ilé ìwòsàn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti tì pa, a gba ojú fèrèsé wọlé. Mo ya ẹyẹ ńlá kan aláwọ̀ búlúù sí yàrá ìjẹun wọn. Ẹyẹ náà dára. Kí ni mo bàjẹ́? Kò pẹ́ tí àwọn kọ́lékọ́lé fi kó katakata dé, wọ́n wó ẹyẹ àti ògiri pọ̀. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́: ògiri ìjọba ni NOF4 náà họ. Ká ní nọ́ọ̀sì tó le ló bá pàdé ni, à bá má gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí n kò fara mọ́ ni ti yàrá tí wọ́n ń fi kóòtù kọ́. Orúkọ aláìsàn kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ ìkọ́ tiẹ̀. Ọ̀kan nínú wa kun gbogbo rẹ̀ ní funfun, torí ojú tó mọ́ ló ń wá tó fẹ́ yàwòrán sí. Ìyẹn ni mo pè ní ìbàjẹ́.

Ìyá Wọ́dù

Ọlọ́dà ọmọ mi, ẹnu rẹ mú. Ṣùgbọ́n wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ìwòran náà lẹ̀ ń wò yẹn. Mo ṣe nọ́ọ̀sì alẹ́ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní àríwá England kí wọ́n tó tì í pa. Mo ń rí fọ́tò táwọn ọmọdé ń gbé kiri: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, ọ̀dà tó ń bó, kẹ̀kẹ́ arọ kan láàárín. Ta ló gbé kẹ̀kẹ́ síbẹ̀? Ẹni tó ya fọ́tò ni! Àwa kì í fi kẹ̀kẹ́ sáàárín ọ̀nà, ẹnìkan á kọlù ú. Fọ́tò yín ò ní ijó ọjọ́ Sátidé, kò ní bàbá tó mọ orúkọ gbogbo ẹṣin tó ń sáré ìje, kò ní obìnrin tí wọ́n mú wá ní ọ̀dọ́ torí pé ó lóyún láìlọ́kọ, tó wá darúgbó síbẹ̀.

Ọmọ Yorùbá kan wà ní wọ́dù mi. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kò ní gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì pé ìsọkúsọ ló ń sọ. Ọmọ rẹ̀ tó fi sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú ló ń pè, pé kó wá jẹun.

Ẹ lọ wo Menston, nítòsí Leeds. Wọ́n ti ilé ìwòsàn ọpọlọ High Royds tó wà níbẹ̀ pa ní 2003, ilé gbígbé ló dà báyìí, orúkọ mìíràn ló sì ń jẹ́. Aláìsàn 2,861 ni wọ́n sin sí pápá kan níbẹ̀ láìsí òkúta lórí sàréè wọn. Ọgbà ìrántí wà níbẹ̀ nísinsìnyí.

Ará Rochester

Ti Willard, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà lọ́dọ̀ wa níbí ní ìpínlẹ̀ New York, jọ ọ́. 1869 ni wọ́n ṣí i, 1995 ni wọ́n tì í. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, wọ́n bá àpótí aṣọ tó lé ní 400 lókè àjà, ẹrù tí àwọn aláìsàn gbé wọlé tí wọn ò sì gbé jáde mọ́. Mo rí díẹ̀ nínú wọn nígbà tí mùsíọ́mù ìpínlẹ̀ pàtẹ wọn ní Albany ní 2004. Ẹ̀wù, fọ́tò, lẹ́tà. Jon Crispin tó ya fọ́tò àwọn àpótí náà lẹ́yìn náà kò gbọ́dọ̀ fi orúkọ ìdílé wọn hàn, torí òfin àṣírí aláìsàn.

Ní itẹ́ òkú ibẹ̀, nọ́ńbà ni wọ́n fi sórí sàréè. Aláìsàn kan, Lawrence Mocha, ló gbẹ́ sàréè tó lé ní 1,500 fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Òun náà kú ní 1968, wọ́n sin ín síbẹ̀ láìsí orúkọ. Ó di 2015 kí wọ́n tó gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún un, lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ náà títí. Ẹni tó kọ orúkọ olólùfẹ́ rẹ̀ sí Volterra kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Màmá, ṣé ẹ rántí orúkọ ọmọ Yorùbá yẹn?

Ìyá Wọ́dù

Mo rántí dáadáa. N kò ní kọ ọ́ síbí. Ọmọ rẹ̀ ti lè ní ọmọ báyìí, wọ́n tiẹ̀ lè máa ka èyí. Ẹnikẹ́ni tí ìyá rẹ̀ bá wá sí England láàárín 1960 sí 1970 tí wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́, kó kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀.

Ọlọ́dà

Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀gbá, ṣé wọ́n ń jẹ́ kéèyàn wọ Ferri?

Ọmọ Ẹ̀gbá

Má fo wáyà o. Òrùlé ibẹ̀ ò dúró dáadáa. Béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ìlú bóyá ẹnìkan ń mú àlejò káàkiri. Kí o sì fi agolo ọ̀dà sílé.