Ìdáhùn: "Èéfín àìfojúrí" kọ́ lorúkọ ohun tó ń pani nínú kámpà

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí tí mi ò fẹ́ dá sí i, àmọ́ nígbà tí Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Michigan tún kọ ọ́ lánàá pé "èéfín àìfojúrí" làwọn máa fi pe carbon monoxide, gáàsì olóró tí iná ń tú jáde, nínú ìwé ìtọ́ni táwọn ń ṣe fáwọn ọmọ Yorùbá tó ń lọ sun kámpà (ilé kékeré tí wọ́n ń fi mọ́tò fà) nígbà òtútù, pé ọ̀rọ̀ ti parí, ara mi ò gbà á mọ́. Kò tíì parí, sà. "Amúnisùnlọ" lorúkọ tí èmi dábàá.

Ẹ̀gbọ́n ní ṣebí gbogbo wa la gba "kòkòrò àìfojúrí" wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni, kòkòrò lè kéré títí ojú ò fi ní tó o, kòkòrò náà ló ṣì ń jẹ́. Èéfín ńkọ́? Kí la fi ń mọ èéfín tí kì í bá ṣe pé ó rú, ó ta síni lójú, ó ta síni nímú? Àwọn tó ni èdè ní èéfín nìwà, rírú ní í rú, ohun tí ò ṣeé bò mọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣàpèjúwe. Ẹ wá mú ohun tí ò láwọ̀, tí ò lóòórùn, ẹ ní èéfín ni. "Àìfojúrí" yẹn gan-an, ojú nìkan ló mẹ́nu bà, kò sọ ti imú, bẹ́ẹ̀ imú la kọ́kọ́ fi ń wá èéfín lóru.

Mo mọ èsì tẹ́ ẹ máa fún mi, pé nílé wọ́n ń sọ pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ló pa àwọn tó gbé e sí kọ́rídọ̀ sùn. Òótọ́ ni, jẹnẹrétọ̀ ń rú èéfín, ó sì ń rùn, ohun tó pani sá pa mọ́ sínú ẹ̀ ni. Àmọ́ hítà onígáàsì tí wọ́n ń gbé wọ kámpà, iná búlúù ni, ó mọ́ roro, kò rú nǹkan kan. Ẹni tẹ́ ẹ bá ní kó máa ṣọ́ èéfín, á wò ó, kò ní rí i, á sì lọ ti fèrèsé.

Ó ṣojú mi. Lọ́dún tó kọjá, ìparí oṣù kẹwàá, a wà lẹ́bàá Lake Superior lókè Minnesota níbí, kámpà tiwa ni èyí tó ń ṣí bí àgọ́, tí apá méjèèjì tá à ń sùn sí jẹ́ aṣọ. Òtútù já wálẹ̀ dé 20 Fahrenheit, omi inú kẹ́tù di yìnyín. Mo ṣí fèrèsé méjì sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè lódìkejì, torí hítà tá a gbé wọlé yẹn, afẹ́fẹ́ tá à ń mí náà ló ń jẹ, kò dà bíi fọ́nẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kàn mọ́ kámpà, tó ń fa afẹ́fẹ́ tiẹ̀ láti ìta tó sì ń tú ìdọ̀tí ẹ̀ síta. Àbúrò ìyàwó mi dìde lóru, ó fi táwẹ́ẹ̀lì dí méjèèjì. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́ta, álààmù tó ń ṣọ́ carbon monoxide bẹ̀rẹ̀ sí í ké, orí sì ti ń fọ́ mi kí n tó lajú. A gbé àwọn ọmọ síta tàwọn ti búláńkẹ́ẹ̀tì. Mo ní kí ló dé tó fi dí ibẹ̀, ọmọ náà ní, "Bọ̀dá, mo wò ó dáadáa kẹ̀, kò sí èéfín kankan." Ìwé Ẹ̀gbọ́n, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ síbí, ló kà kí a tó kúrò nílé.

Ìyá àgbà tó tọ́ mi n'Ísẹ́yìn ò mọ carbon o, àmọ́ tó bá di ìgbà ọyẹ́, kò jẹ́ ká gbé iná èédú wọ yàrá. Èédú tó ti jó dé pupa, tí ò rú mọ́, òun gan-an ni màmá ń bẹ̀rù. "Ẹ gbé e síta, kó má mú yín sùn lọ." Wọn ò pè é léèéfín. Ibẹ̀ ni mo ti mú "amúnisùnlọ", kì í ṣe inú afẹ́fẹ́.

Àǹtí wa ní London ní ó jọ orúkọ oògùn oorun, pé ọmọ tuntun náà ń sùn lọ. Ó ń sùn lọ lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo "lọ" yẹn dáadáa, ẹni tó sùn lọ lẹ lè gbé láti orí bẹ́ẹ̀dì dé orí bẹ́ẹ̀dì tí ò ní mọ̀. Ohun tí carbon monoxide ń ṣe nìyẹn, ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, ẹni tó ti sùn ò ní mọ̀gbà tó gbapò.

"Ìlàágùn-ògiri" tí wọ́n ṣẹ̀dá fún omi tó ń kán lára aṣọ kámpà náà, kí la fẹ́ fi ṣe? Tí gáàsì kílò 1 bá jó, omi tó lé ní kílò 1.5 ló ń tú sínú afẹ́fẹ́, èémí àwa tá a sùn tún ń bẹ níbẹ̀, tó bá ti kan aṣọ tútù á sẹ̀. Ìrì ni! Mo gbé mátírẹ́ẹ̀sì wa sókè láàárọ̀ ọjọ́ kejì, abẹ́ ẹ̀ tutù rinrin bíi koríko ìdájí. Ìrì ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí wa.

Ẹ tún wo ojú ewé kejì, "kí àtẹ̀gùn lè wọlé". Àtẹ̀gùn lèèyàn ń gùn lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, atẹ́gùn ló ń wọlé. Ẹ̀gbọ́n ní bí wọ́n ṣe ń pè é nílé bàbá àwọn nìyẹn, pé àwọn sì ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí èmi tó dé Amẹ́ríkà. Mi ò bá ilé bàbá ẹnikẹ́ni jà, àmọ́ mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà kankan.

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní èyí tó dáa ju amúnisùnlọ lọ, ẹ gbé e wá, kódà ẹ fi carbon monoxide sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ ṣáà bá mi yọ èéfín kúrò kí ìwé yẹn tó jáde, torí àbúrò ìyàwó mi ti ń bi mí ọjọ́ tá a tún máa lọ.