Wọ́n kọ 16/10 sínú kánẹ̀ (ìwé ìlera) màmá mi, ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru ti dé nìyẹn?

ỌmọKétu
Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn wa. Orí ń fọ́ màmá mi, mo wá gbé wọn lọ sí ọsibítù lánàá níbí ní Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, a sọ̀ kalẹ̀ lórí zẹ̀mí (ọ̀kadà) báyìí ni wọ́n pè wá wọlé, a ò tíì fìdí kalẹ̀ tí obìnrin tó ń wọn tánsíọ̀n (ìfúnpá) ti di nǹkan yẹn mọ́ wọn lápá lórí bùbá tí wọ́n wọ̀, màmá sì ń rojọ́ ata tó gbówó lórí fún un lọ ràì. Ó kọ "TA 16/10". Dókítà wò ó, kò fún wọn lóògùn, ó ní ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi l'Ékòó, wọ́n figbe ta, wọ́n ní ẹni tí tiẹ̀ bá jẹ́ 16 ti kú! Èwo ni ká gbà gbọ́?

ÌyáÌbejì_Àjàṣẹ́
Hahaha ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yẹn. Sàǹtímítà ni wọ́n fi ń kà á lọ́dọ̀ tiwa bíi ti Faransé, mìlímítà ni ti Nàìjíríà. Ẹ fi òdo kọ̀ọ̀kan kún un, 160/100 ni. Èmi náà sọ fún nọ́ọ̀sì kan ní Badagry pé 13/8 ni tèmi, ó wò mí bí ẹni rí iwin.

Nọ́ọ̀sì_Ṣábẹ̀
Ẹ tún wo lẹ́tà yẹn dáadáa, TA ni wọ́n kọ, wọn ò kọ HTA. TA kàn jẹ́ iye tánsíọ̀n tí ẹ̀rọ sọ lọ́jọ́ náà, HTA ni orúkọ àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru, H yẹn kì í yá dókítà tó mọṣẹ́ lọ́wọ́ láti kọ. Láti 14/9 sókè ló ti ga lọ́sibítù, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ tún bá a bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Tó bá tó 18/11 wọn kì í fi falẹ̀, tí àyà bá wá ń dunni tàbí ẹnu wọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ sáré lọ.
Ti màmá yín yìí, wọn ò wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ. Kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí apá wà ní ìhòòhò lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà, kí wọ́n ti tọ̀, kí wọ́n má sì sọ̀rọ̀ RÁRÁ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, apá méjèèjì ló yẹ kí wọ́n wọ̀n, èyí tó ga jù la ó máa lò.

BàbáTáyé
Ohun tó ṣe mí nìyí. Ibì kan bá 17/10 lára mi lẹ́ẹ̀kan péré, oògùn ló kàn. Nígbà tó yá, dókítà àgbà kan ṣí kánẹ̀ mi, ó ní apá wo, aago mélòó, ṣé wọ́n tún un wọ̀n? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju iye yẹn lọ. Ló bá ní kí n ra ẹ̀rọ tó ń di apá, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́, kí n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ kí n tó jẹun, lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ kí n tó sùn, ọjọ́ 3 léra, kí n kọ gbogbo ẹ̀ títí kan èyí tí ò wù mí. Nílé, 13.5/8.5 ni ààlà. Èmi ò kọjá 13/8! Ó ní ẹ̀rù aṣọ funfun àwọn dókítà ló ń bà mí. Àwọn kan wà tó jẹ́ òdìkejì, ọsibítù ló ti máa dáa, ilé ló ti máa ga, ìyẹn gan-an ló burú.

ỌmọKétu
Ẹ ṣeun gan-an ni, mo ti yá ẹ̀rọ lọ́wọ́ aládùúgbò. Láàárọ̀ yìí ó ku díẹ̀ kó parí, màmá ní "ó mà ń fún mi lápá o", ni mo bá tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.