Ogójì ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ ọdún mẹ́rin: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá ọmọ, Ìbàdàn
Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Olùkọ́ ọmọkùnrin mi ní nọ́sìrì fi ogójì ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́ sílé, pé kí ó mọ gbogbo wọn kà kí sáà yìí tó parí, àti pé kí a jáwọ́ nínú Yorùbá sísọ nílé kí èdè méjì má baà da orí rẹ̀ rú. Ó mọ ball, cup àti goat dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá nàka sí the tàbí said, ńṣe ni yóò kàn máa wò mí. Ṣé kí n fipá mú un, kí a sì pa Yorùbá tì lóòótọ́?

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Òṣogbo
Ẹ má fòyà, ìyá ọmọ. Bí away, funny, said àti where bá wà nínú ìwé náà, a jẹ́ pé apá àkọ́kọ́ lára 220 ọ̀rọ̀ tí Edward Dolch ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1936 ni. Ó ṣà wọ́n nítorí pé wọ́n pọ̀ nínú ìwé àwọn ọmọdé, kì í ṣe nítorí pé àwọn ni ọmọ kọ́kọ́ ń sọ; orí orúkọ ènìyàn, oúnjẹ, ẹranko àti ohun ìṣeré ni ọmọ sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí orúkọ nǹkan kan nínú 220 yẹn, ọ̀tọ̀ ni Dolch to orúkọ 95 sí. Ọmọ lè di cup mú, ṣùgbọ́n ta ni yóò di the mú? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí red, blue, yellow, one, two àti three, nítorí àwọn náà wà nínú ogójì yẹn, ó sì ṣeé ṣe kí ó ti máa sọ wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ “Look, the red cup” sára páálí, kí ẹ gbé ife pupa síwájú rẹ̀, kí ó sì máa nàka sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹ ti ń kà á.

Bàbá ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Mama olùkọ́ Òṣogbo, àmọ́ pé kí ẹ pa Yorùbá tì ni inú mi kò dùn sí. Bí onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ bá fẹ́ mọ iye ọ̀rọ̀ tí ọmọ elédè méjì ní, ti èdè méjèèjì ni ó yẹ kí ó kà pọ̀. Ẹ̀rí wà nílé pàápàá: láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ọ̀kan lára iṣẹ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olùkọ́ tó mọṣẹ́ dunjú ló ń kọ́ wọn ní i.

Olùkọ́ nọ́sìrì, Abẹ́òkúta
Òótọ́ lẹ sọ, síbẹ̀ olùkọ́ ni yóò fún ọmọ ní máàkì, nítorí náà ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ìyá wa. Ẹ bi í bóyá wọ́n ti kọ́ wọn ní ìró lẹ́tà s, a, t, i, p àti n, nítorí ọmọ tó mọ̀ wọ́n lè fúnra rẹ̀ ka it àti in láìkọ́ wọn sórí. Said ni kí ẹ fi ṣe ìkẹyìn. Ìró rẹ̀ àti lẹ́tà rẹ̀ kò bára mu.